ÈDÈ OROMO ÀTI ÈDÈ HỌ́ŃGÁRÌ: ṢÉ JÍJỌRA NI JÍJẸ́ ÌBÁTAN?

 

Ó ti mọ́ wa lára pé bí a bá ti ń sọ̀rọ̀ nípa orírun Yorùbá, ẹnìkan yóò dìde, yóò ní Íjíbítì ni a ti wá, tàbí pé ọmọ ìyá kan náà ni àwa àti àwọn Lárúbáwá tàbí àwọn Hébérù. Ẹ̀rí tí olúwa rẹ̀ máa ń mú wá kì í sábà ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ìró wọn jọra. Èrò yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1948, J. Olumide Lucas tẹ ìwé kan jáde lórí ẹ̀sìn Yorùbá, ó sì gbìyànjú nínú rẹ̀ láti fi hàn pé láti inú èdè Íjíbítì àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ wa ti ṣẹ̀.

N kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìtàn Odùduwà lónìí. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni kí n gbé èdè méjì tí kò kan ẹnikẹ́ni nínú wa síwájú yín, kí a fi wọ́n kọ́ bí a ti ń wádìí ìbátan láàrin èdè. Ohun tí a bá kọ́ lára tọmọ-ọlọ́mọ, a óò lè fi ojú tútù lò ó fún tiwa. Èdè méjì náà ni Oromo ti ilẹ̀ Ẹtiópíà àti èdè Họ́ńgárì ti ilẹ̀ Yúróòpù.

ÀWỌN WO NI WỌ́N Ń SỌ WỌ́N?

Àwọn Oromo ni ẹ̀yà tí ó pọ̀ jù lọ ní Ẹtiópíà. Wọ́n lé ní 30 mílíọ̀nù, wọ́n sì tún wà ní àríwá ilẹ̀ Kẹ́ńyà. Afaan Oromoo ni wọ́n ń pe èdè wọn. Ìtumọ̀ "afaan" gan-an ni ẹnu. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn eré ìje yóò rántí Abebe Bikila tí ó fi ẹsẹ̀ lásán sá eré ọlọ́nà jíjìn ní ìlú Róòmù ní ọdún 1960 tí ó sì gba wúrà, àti Derartu Tulu tí ó gba wúrà nínú eré 10,000 mítà ti àwọn obìnrin ní Barcelona ní ọdún 1992. Ọmọ Oromo ni àwọn méjèèjì.

Àwọn ará Họ́ńgárì wà ní àárín Yúróòpù. Magyar ni wọ́n ń pe ara wọn àti èdè wọn. Àwọn tí ó wà nínú orílẹ̀-èdè náà kò tó 10 mílíọ̀nù, ṣùgbọ́n àdéhùn Trianon ti ọdún 1920 gé ọ̀pọ̀ wọn sẹ́yìn ààlà, sí Romania, Slovakia, Serbia àti Ukraine lónìí, tí àpapọ̀ àwọn tí ń sọ èdè náà fi tó bíi 13 mílíọ̀nù. Àwọn bàbá wa tí wọ́n fẹ́ràn bọ́ọ̀lù mọ Ferenc Puskás, ẹni tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ na Ìlẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àmì ayò 6 sí 3 ní Wembley ní ọdún 1953. Ní ìlú rẹ̀, Puskás Ferenc ni wọ́n ń pè é, nítorí orúkọ ìdílé ni ó ń ṣáájú lọ́dọ̀ wọn. "Nyelv" ni wọ́n ń pe èdè, ahọ́n sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ wò ó: ẹnu ni Oromo fi pe èdè, ahọ́n ni ará Họ́ńgárì fi pè é.

IBI TÍ WỌ́N TI JỌRA

Bí a bá gbé èdè méjèèjì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìjọra wọn lè ya ènìyàn lẹ́nu.

Lọ́nà kìíní, àwọn méjèèjì fẹ́ràn láti máa fi àfòmọ́ kún ìdí ọ̀rọ̀. Àwa Yorùbá a máa fi "ní", "sí" àti "láti" ṣáájú ọ̀rọ̀-orúkọ. Ní Họ́ńgárì, "ház" ni ilé. "Házam" ni ilé mi. "Házamban" ni nínú ilé mi, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ní Oromo, "mana" ni ilé. "Manatti" ni sí ilé tàbí nílé. "Manarraa" sì ni láti ilé.

Lọ́nà kejì, fífa fáwẹ̀lì gùn máa ń yí ìtumọ̀ padà nínú àwọn méjèèjì. Ní Oromo, "lafa" ni ilẹ̀, ṣùgbọ́n "laafaa" ni ohun tí ó rọ̀. Ní Họ́ńgárì, "kor" ni ọjọ́ orí, "kór" sì ni àìsàn. Títẹ kọ́ńsónáǹtì mọ́lẹ̀ náà ń yí ìtumọ̀ padà: "badaa" ni ohun tí kò dára ní Oromo, "baddaa" ni ilẹ̀ òkè. Ní Họ́ńgárì, "kasza" ni dòjé gígùn tí wọ́n fi ń gé koríko, "kassza" ni ibi tí a ti ń sanwó ní ìsọ̀. Iṣẹ́ tí ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ń ṣe fún wa nínú "ọkọ", "ọkọ̀" àti "ọkọ́" ni gígùn ìró ń ṣe fún wọn.

Lọ́nà kẹta, bí wọ́n bá ti dárúkọ iye, kò pọn dandan kí wọ́n tún fi àmì ọ̀pọ̀ sí ọ̀rọ̀-orúkọ. Ará Họ́ńgárì a sọ pé "két ház", ilé méjì, láìfi àmì ọ̀pọ̀ kan kún un. Oromo a sọ pé "nama shan", ènìyàn márùn-ún.

Lọ́nà kẹrin, ẹ wo arọ́pò orúkọ wọn. "Èmi" ni "én" ní Họ́ńgárì, "ani" ní Oromo. "Ìwọ" ni "te" ní Họ́ńgárì, "ati" ní Oromo. "Kí ni" ni "mi" ní Họ́ńgárì, "maal" ní Oromo. Àwa tí a ń gbé láàrin àwọn Hausa yóò sì fi kún un pé "me" ni Hausa ń sọ fún "kí ni".

Bí ẹni tí ń wá ìbátan bá dé ibi yìí, kò ní lè mú un mọ́ra mọ́. Yóò kígbe pé ọmọ ìyá ni wọ́n!

ÀGÙÀLÀ KÌ Í ṢE AJÁ ÒṢÙPÁ

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa ti kìlọ̀ pé Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, àwọn ènìyàn ṣebí ajá rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun méjì lè máa rìn pọ̀ kí wọ́n má sì bá ara wọn tan.

Ọ̀nà mẹ́rin ni èdè méjì fi lè jọra, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni ìbátan.

Èkíní ni kòńgẹ́. Iye ìró tí ẹnu ènìyàn lè gbé jáde kò pọ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ kúkúrú yóò máa pàdé ara wọn. "Mi" ni Yorùbá ń sọ nínú "ó rí mi", Òyìnbó náà ń sọ ohun tí ó dún bíi "mi" ní ipò kan náà. Ta ni yóò tìtorí èyí sọ pé ọmọ ìyá ni àwa àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì?

Èkejì ni àyálò. "Àlùbọ́sà" jọ "albasa" ti Hausa nítorí pé a yá a ni, Hausa náà sì yá a lọ́wọ́ Lárúbáwá. Bákan náà, Oromo yá "kitaaba", ìwé, lọ́wọ́ Lárúbáwá. Ará Họ́ńgárì yá "iskola", ilé-ẹ̀kọ́, lọ́wọ́ Látìnì, ó sì gba "alma", èso ápù, lọ́wọ́ àwọn èdè tí ó bá ti Tọ́kì tan. Gbèsè ni èyí, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ìlànà. Ọ̀nà tí èdè lè gbà to ọ̀rọ̀ kò pọ̀ jù. Àfòmọ́ ìdí ọ̀rọ̀ wà nínú èdè Tọ́kì, ó wà nínú èdè Japan, ó sì wà nínú ọ̀pọ̀ èdè mìíràn tí wọn kò mọ ara wọn rí.

Ẹ̀kẹrin ni ìbátan gan-an. Bí a ti ń mọ̀ ọ́n ni pé a ó mú àwọn ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kì í sábà yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn, bí ẹ̀yà ara, omi, ẹ̀jẹ̀, iná, iye, kí a sì wò ó bóyá ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin wọn ní ìlànà. Mo tún un sọ: ìyàtọ̀ tí ó ní ìlànà ni a ń wá, kì í ṣe ìjọra lásán.

ÌBÁTAN HỌ́ŃGÁRÌ GAN-AN

Ẹ jẹ́ kí a gbé èdè Họ́ńgárì sẹ́gbẹ̀ẹ́ èdè Fínláǹdì. "Hal" ni ẹja ní Họ́ńgárì, "kala" ni ní Fínláǹdì. "Három" ni ẹẹ́ta, "kolme" ni ní Fínláǹdì. "Ház" ni ilé, "kota" ni ahéré ní Fínláǹdì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ibi tí Fínláǹdì ti ní "k" ni Họ́ńgárì ti ní "h". Ẹ tún wo èyí: "fej" ni orí, "pää" ni ní Fínláǹdì; "fa" ni igi, "puu" ni ní Fínláǹdì; "fészek" ni ìtẹ́ ẹyẹ, "pesä" ni ní Fínláǹdì. Ibi tí ọ̀kan ti ní "p" ni èkejì ti ní "f". "Víz" ni omi, "vesi" ni ní Fínláǹdì. "Vér" ni ẹ̀jẹ̀, "veri" ni ní Fínláǹdì. "Kéz" ni ọwọ́, "käsi" ni ní Fínláǹdì. Èyí kì í ṣe kòńgẹ́. Ìran Uralic ni a ń pe ẹbí èdè yìí, àwọn tí ó sì sún mọ́ Họ́ńgárì jù lọ ni èdè Khanty àti Mansi, ti àwọn ènìyàn díẹ̀ tí wọ́n wà ní ìwọ̀-oòrùn Sàìbéríà.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ fi ẹ̀rí tó múná dóko hàn nípa rẹ̀ ni àlùfáà Kátólíìkì kan, János Sajnovics. Ó dùn mọ́ mi nínú pé Àgùàlà kan náà tí àwọn àgbà wa fi pa òwe ni ó gbé e dé ìdí ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 1769, Àgùàlà fẹ́ gba iwájú oòrùn kọjá, Sajnovics sì bá onímọ̀ ìràwọ̀ Maximilian Hell lọ sí erékùṣù Vardø ní òkè téńté ilẹ̀ Nọ́wè láti lọ wò ó. Níbẹ̀ ni ó ti fetí sí èdè àwọn Sami, tí ó sì rí i pé ó bá ti ilé òun tan. Ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1770. Ní 1799, Sámuel Gyarmathi tún gbé iṣẹ́ náà síwájú.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ rò pé inú àwọn ará ilé rẹ̀ dùn? Rárá o. Attila àti àwọn jagunjagun Huns ni àwọn ọlọ́lá Họ́ńgárì fẹ́ bá tan. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé apẹja ilẹ̀ yìnyín ni ìbátan wọn, wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ìbátan tí ń rùn bí ẹja ni. Ṣùgbọ́n ìgbéraga kò lè yí ẹ̀rí padà. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan àwa náà nìyí: ìgbà mélòó ni a ti sá fún ìbátan tòótọ́ nítorí pé a ń wá èyí tí ó lókìkí?

ÌBÁTAN OROMO GAN-AN

Oromo wà nínú ẹ̀ka Cushitic ti ìran Afroasiatic. Ọmọ ìyá rẹ̀ ni èdè Sòmálíà. Ẹ jẹ́ kí a ka iye láti eéjì dé ẹ̀sán, Oromo ṣáájú, Sòmálì tẹ̀lé e:

Eéjì: lama, laba
Ẹẹ́ta: sadii, saddex
Ẹẹ́rin: afur, afar
Àárùn-ún: shan, shan
Eéje: torba, toddoba
Ẹẹ́jọ: saddeet, siddeed
Ẹẹ́sàn-án: sagal, sagaal

Mo fo ẹẹ́fà nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti yapa: "ja'a" ni Oromo ń sọ, "lix" ni Sòmálì ń sọ. Nínú ẹbí náà, ọmọ ìyá pàápàá a máa ní ìwà tirẹ̀. Ẹ wá gbé iye ti Họ́ńgárì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: kettő, három, négy, öt, hat, hét, nyolc, kilenc. Níbo ni ìbátan wà?

Ohun tí ó lè ya ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Àríwá yìí lẹ́nu ni pé Hausa wà nínú ìran Afroasiatic yìí kan náà, nínú ẹ̀ka Chadic, àti Lárúbáwá pẹ̀lú, nínú ẹ̀ka Semitic. Joseph Greenberg ni ó to ìran náà báyìí nínú ìwé rẹ̀ lórí àwọn èdè Áfíríkà ní ọdún 1963. Nítorí náà, "ani" àti "ati" ti Oromo tí ó jọ ti Họ́ńgárì lẹ́ẹ̀kan, "ana" àti "anta" ti Lárúbáwá ni ó bá tan ní tòótọ́. Ẹni tí ń ta iṣu fún yín lọ́jà ni ó jẹ́ ìbátan Oromo ní ti èdè, kì í ṣe ará Budapest.

AKỌ ÀTI ABO

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Àríwá fún iṣẹ́ ìjọba, mo sọ fún akẹgbẹ́ mi kan lọ́fíìsì pé "matata ya tafi kasuwa". Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ìyàwó mi ni mo sọ di ọkùnrin! "Ta tafi" ni ó yẹ kí n sọ. Yorùbá ni ó kó bá mi, nítorí "ó" kan náà ni a ń lò fún ọkùnrin àti obìnrin. Ẹ wo bí a ti ń sọ pé ẹnìkan mu omi:

Yorùbá: Ó mu omi (ọkùnrin tàbí obìnrin).
Họ́ńgárì: Ő vizet ivott (ọkùnrin tàbí obìnrin).
Hausa: Ya sha ruwa (ọkùnrin); Ta sha ruwa (obìnrin).
Oromo: Inni bishaan dhuge (ọkùnrin); Isheen bishaan dhugde (obìnrin).

Ibí yìí, àwa àti Họ́ńgárì ni a dúró sí ọ̀nà kan, Hausa àti Oromo sì dúró sí èkejì. Ó tún kù. Họ́ńgárì ní ohun tí àwọn onímọ̀ èdè wa ń pè ní àǹkóò fáwẹ̀lì: àwọn fáwẹ̀lì inú ọ̀rọ̀ a máa bá ara wọn mu bí ẹni tí ó wọ aṣọ ẹbí. "Házban" ni nínú ilé, ṣùgbọ́n "kertben" ni nínú ọgbà. Àfòmọ́ náà yí aṣọ rẹ̀ padà láti bá ọ̀rọ̀ tí ó so mọ́ mu. Yorùbá náà ní àǹkóò. A ní "ewé", "òkè" àti "òwe". A sì ní "ẹsẹ̀", "ọ̀bẹ" àti "ẹjọ́". Nínú irú ọ̀rọ̀ kéékèèké bẹ́ẹ̀, "e" àti "o" kì í bá "ẹ" àti "ọ" wọ aṣọ kan náà. Ahọ́n wa kò ní gba "ọ̀be".

Ní ìdà kejì, ẹ wo bí Oromo ti ń so ọ̀rọ̀ pọ̀. "Mana barumsaa" ni ilé-ẹ̀kọ́: "mana" ni ilé, "barumsaa" ni ẹ̀kọ́. "Mana murtii" ni ilé-ẹjọ́. "Mana kitaabaa" ni ilé ìkówèésí. A fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ pé Yorùbá ni wọ́n ń sọ!

Ǹjẹ́ nítorí àwọn nǹkan wọ̀nyí, ṣé a óò sọ pé láti Họ́ńgárì tàbí Ẹtiópíà ni Odùduwà ti wá? Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Yorùbá wà nínú ìran Niger-Congo. Ìbátan wa tí ó sún mọ́ wa kò jìnnà rárá: Itsekiri ni, Ígálà ni. Àwa ń ka èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà. Ígálà ń ka eji, ẹta, ẹlẹ, ẹlu, ẹfa. Níbi tí àwa ti fi "r" sí nínú ẹ̀rin àti àrún, "l" ni wọ́n fi síbẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó ní ìlànà nìyẹn. Aládùúgbò tí a ń fojú kéré nígbà mìíràn ni ọmọ ìyá.

OHUN TÍ OJÚ ÈDÈ MÉJÈÈJÌ RÍ

Bí wọn kò tilẹ̀ bá ara wọn tan, ìyà kan náà jẹ wọ́n. Ní Họ́ńgárì, Látìnì ni èdè ìjọba fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ní ọdún 1784, Ọba Joseph Kejì pàṣẹ pé kí Jámánì gba ipò náà, ṣùgbọ́n ó fagi lé àṣẹ rẹ̀ ní 1790. Àwọn òǹkọ̀wé tí Ferenc Kazinczy ṣáájú wọn wá fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ tuntun kún èdè wọn kí ó lè tó sọ ohun gbogbo. Ní 1825, Count István Széchenyi fi owó tí ń wọlé fún un lọ́dún kan gbáko sílẹ̀ láti fi dá ilé ìmọ̀ sílẹ̀ fún èdè náà. Ní 1844 ni òfin tó sọ ọ́ di èdè ìjọba.

Ní ti Oromo, ẹni tí ó túmọ̀ Bíbélì sí i ni Onesimos Nesib, tí wọ́n jí gbé tà lẹ́rú ní kékeré, tí ó sì gba òmìnira ní ọdún 1870. Òun àti Aster Ganno, obìnrin tí òun náà ti ṣẹrú rí, ni wọ́n jùmọ̀ ṣe iṣẹ́ náà, ó sì jáde ní 1899. Ta ni ó gbọ́ èyí tí kò rántí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther tiwa? Lábẹ́ ìjọba Haile Selassie, Amhariki ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ nílé-ẹ̀kọ́, wọn kò sì fi àyè gba ìwé títẹ̀ ní Oromo. Sheikh Bakri Sapalo ṣẹ̀dá álífábẹ́ẹ̀tì fún èdè náà ní 1956, ìjọba sì há a mọ́lé. Ó kú ní ìsáǹsá ní Sòmálíà ní 1980. Àfi ní 1991 ni wọ́n tó fi ẹnu kò sórí Qubee, ìlànà àkọtọ́ tí wọ́n fi lẹ́tà Látìnì ṣe. Lónìí, àwọn ọmọ Oromo ń fi èdè wọn kàwé.

Ẹ̀KỌ́ FÚN WA

Ẹ̀kọ́ méjì ni mo rí. Èkíní, iyì èdè kò sí lọ́wọ́ ẹni tí ó bá tan. Họ́ńgárì kò di ńlá nítorí Attila. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tí ń sọ ọ́ ni ó sọ ọ́ di ńlá. Yorùbá kò nílò Íjíbítì kí ó tó níyì.

Èkejì, kò sí ẹni tí ó há wa mọ́lé nítorí Yorùbá, síbẹ̀ àwa fúnra wa ni a ń gbà á lẹ́nu àwọn ọmọ wa. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó jókòó síhìn-ín gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gbọ́ Hausa dáadáa, èyí sì dára. Ṣùgbọ́n bí ìyá àgbà bá pè wọ́n láti ilé, wọn kò lè dá a lóhùn. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025, wọ́n fagi lé e. Ilé nìkan ni ó kù. Ẹ bá wọn sọ ọ́ nídìí oúnjẹ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka oókan dé ogún. Ẹ kọ́ wọn láti fi àmì ohùn sórí orúkọ ara wọn.

Kí Olódùmarè má jẹ̀ẹ́ kí èdè wa parun lẹ́nu àwọn ọmọ wa. Àṣẹ.